Ojú Kì Í Wọn Ọ̀rá

"O mà ti sanra sí i o, ayé yẹ ọ́!" Bí wọ́n bá sọ èyí fún wa lóde ìnáwó, ọpẹ́ la máa ń dá. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá tẹjú mọ́ wa, tó ní, "Kí ló dé tí o rù báyìí?", ọkàn wa ò ní balẹ̀ títí a ó fi délé. Ẹni tó rù ni wọ́n ń bi bóyá ara rẹ̀ yá. Ẹni tó ń sanra, wọn kì í bi í ní nǹkan kan. Ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí itan rẹ̀ ṣẹ́po mẹ́ta-mẹ́ta, òun ni gbogbo agboolé á máa gbà jó, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ mọ ọmọ tọ́jú.

Ó nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ikọ́ ife, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ebi ló ń pa èèyàn, àìsàn a máa jẹ ara gbẹ kó tó mú ẹ̀mí lọ, ẹni tó bá ní ẹran lára sì ní ohun tí yóò fi bá àìsàn jà. Àwọn àìsàn tó ń pọ̀ sí i láàárín wa báyìí, bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀, kì í sábà kọ́kọ́ mú èèyàn rù. Ara ẹni tí gbogbo ayé ń kí kú oríire ni wọ́n máa ń gbà wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí á gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ojú, kí á gbé e fún téèpù àti òṣùwọ̀n. Ohun tó bá ti kárí ilé kárí oko, ojú á ti mọ́ ọn lára. Níbi tí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá ti sanra jù, kò sẹ́ni tó tún máa wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 2022, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣe ṣírò rẹ̀, ẹnì kan nínú ẹni 8 lágbàáyé ni ìsanrajù ti mú. Àgbàlagbà inú wọn lé ní mílíọ̀nù 890. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 160. Ti àwọn ọmọ yìí ló ń kọ mí lóminú jù. Lọ́dún 1990, bí ọmọ 2 péré ni nínú 100. Lọ́dún 2022, ó ti di 8. Àjogúnbá ènìyàn kò lè yí padà láàárín ọdún 32, torí náà ohun tó yí padà ni oúnjẹ wa, ọjà wa, ọ̀nà tí a ń rìn àti ilé tí a ń gbé.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí NDHS, ìwádìí ìjọba nípa ìlera ìdílé, ti ọdún 2018, tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n lọ bá àwọn èèyàn nílé, rí i pé 28 nínú 100 obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49 ni ìwúwo wọn ti kọjá ààlà. Àwọn tó wúwo jù díẹ̀ àti àwọn tó sanra jù gan-an ni wọ́n pa pọ̀ nínú iye yẹn. Wọn ò ka aláboyún mọ́ ọn, wọn ò sì ka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nínú ìwádìí kan náà, ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún 5 ló kúrú jù fún ọjọ́ orí wọn. 2 nínú 100 ló wúwo jù. Ẹ ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí nǹkan méjèèjì lè wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo: kí ìyá sanra jù, kí ọmọ rẹ̀ má sì ga. Ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ elépo tí ẹja inú rẹ̀ ò tó nǹkan ní agbára púpọ̀, èyí tó máa ṣẹ́ kù sára ìyá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá, ṣùgbọ́n purotéènì tí egungun àti ẹran ara ọmọ ń wá kò sí níbẹ̀. Bí ọmọ bá tún ń yàgbẹ́ gbuuru lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ̀nba tó rí jẹ gan-an kò ní dúró lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá ni ti olówó àti tálákà. Ní Nàìjíríà, ìsanrajù pọ̀ nígboro ju abúlé lọ, ó sì pọ̀ lára ẹni tó rí já jẹ ju ẹni tí kò ní lọ́wọ́ lọ. Ẹ kọjá sí England, ẹ ó bá ìdàkejì rẹ̀. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2005/2006 ni wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ ilé ìwé níbẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n bá wọ kíláàsì Reception ní ọmọ ọdún 4 sí 5, àti nígbà tí wọ́n bá wà ní Year 6 ní ọmọ ọdún 10 sí 11. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023/2024, bí ọmọ 1 nínú 10 ló sanra jù ní Reception. Nígbà tí yóò fi di Year 6, ó ti ju 1 nínú 5 lọ. Ní àdúgbò tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù, iye náà ju ìlọ́po méjì ti àdúgbò àwọn tó rí ṣe lọ. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tí iye wọn ga jù.

Kí ló fà á? Nílé wa, ẹni tí kò lówó ló ń fẹsẹ̀ rìn, òun ló ń ru ẹrù, òun ló ń pọnmi, bẹ́ẹ̀ ni ẹran, òróró àti ẹlẹ́rìndòdò kì í wọ́n nílé ẹni tó ní mọ́tò. Ní London, ohun tó pọ́ọ́kú jù láti fi yó ni ẹran adìẹ díndín àti ọ̀dùnkún díndín ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, ẹja tútù àti ẹ̀fọ́ ló gbówó lórí. Ìdílé tó bá kó láti Ìbàdàn lọ sí Peckham, àdúgbò kan ní London, lè bá àjàgà méjèèjì pàdé: òbí gbé àṣà oúnjẹ ẹni tó rí ṣe dání, òkèlè ńlá ní aago mọ́kànlá òru lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, ó wá bọ́ sí ilẹ̀ tí oúnjẹ tó ń múni sanra ti jẹ́ oúnjẹ tówó ẹni ká. Òtútù ò sì jẹ́ kí ọmọ jáde ṣeré fún nǹkan bí oṣù márùn-ún.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 sí oṣù kẹjọ ọdún 2023 fi hàn pé àgbàlagbà 40 nínú 100 ló sanra jù. Ti àwọn ọmọdé jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 5. Ti àwọn àgbàlagbà Brazil lọ láti nǹkan bí 12 nínú 100 lọ́dún 2006 sí 24 nínú 100 lọ́dún 2023 ní àwọn olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti Brazil yìí wé ti Amẹ́ríkà ní tààràtà. Fóònù ni wọ́n fi ń bi àwọn ará Brazil ní gíga àti ìwúwo wọn, nígbà tó jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé èèyàn sórí òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá bi èèyàn lórí fóònù, ó máa ń fi díẹ̀ kún gíga rẹ̀, á sì yọ díẹ̀ kúrò nínú kílò rẹ̀. Kò fẹ́ parọ́. Ohun tó rántí nìyẹn.

BMI, ìwọ̀n tó ń fi ìwúwo wé gíga, ni ọ̀pọ̀ nínú iye yìí dúró lé. Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ará Belgium, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Bí ara ọ̀pọ̀ èèyàn lápapọ̀ ṣe rí ló ń wá, kò ro ti aláìsàn kan mọ́ ọn. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ mú gíga ní mítà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tó jáde pín ìwúwo ní kílò. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tó wúwo ní kílò 82: 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56, 82 tí a fi 2.56 pín jẹ́ 32. Láti 18.5 dé 24.9 ni wọ́n kà sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 25 sí 29.9 ni ìwúwo tó ti pọ̀ jù, 30 lọ sókè ni ìsanrajù. Fún ẹni tó ga ní mítà 1.60, kílò 64 ni àkọ́kọ́ ààlà, kílò 77 ni ìkejì. Fún ọkùnrin tó ga ní mítà 1.75, nǹkan bíi kílò 77 àti kílò 92 ni.

Gíga ni wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe jù, torí pé a ti sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, àṣìṣe inú rẹ̀ á di ìlọ́po. Ká ní obìnrin yẹn wọ bàtà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, tí irun dídì orí rẹ̀ sì gbé igi ìwọ̀n sókè ní sẹ̀ǹtímítà 3. Mítà 1.67 ni wọn á kọ sílẹ̀. 1.67 lọ́nà 1.67 jẹ́ nǹkan bí 2.79; BMI rẹ̀ á bọ́ sí 29.4. Ó ti jáde kúrò nínú ìwé àwọn tó sanra jù, bẹ́ẹ̀ kò sí kílò kan tó jábọ́ lára rẹ̀. Torí náà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ tú gèlè, ẹ ti irun tó ga sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ dúró ti ògiri tó gún, kí gìgísẹ̀, ìdí àti ẹ̀yìn orí kàn án, kí ojú wo iwájú gan-an, kí ẹlòmíràn gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle lé orí yín kó dúró bí igun àpótí, kó fi pẹ́ńsù sàmì sábẹ́ rẹ̀. Òṣùwọ̀n, orí sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì ni kó wà. Orí rọ́ọ̀gì tàbí kápẹ́ẹ̀tì, kì í sọ òótọ́, torí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rì. Kí ẹ tó gun un, kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí òdo. Àárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, ṣáájú oúnjẹ, nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ju ìlàjì kílò lọ, òṣùwọ̀n náà ti bàjẹ́ tàbí ilẹ̀ ò tẹ́jú.

BMI kò mọ ẹran yàtọ̀ sí ọ̀rá. Alágbára tó ń gbé irin lè ní 31 kí ikùn rẹ̀ sì pẹlẹbẹ. Aláboyún ò gbọdọ̀ lò ó, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú torí omi náà kò gbọdọ̀ lò ó. Bàbá arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ á ní BMI tó ga ju bó ṣe yẹ lọ torí pé gíga rẹ̀ ti dín kù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kí dókítà má fi BMI nìkan dájọ́. Kí wọ́n wọn ìbàdí tàbí kí wọ́n wọn ọ̀rá fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọ̀rá náà ti ń pa ẹ̀yà ara kankan lára. Mo fara mọ́ ọn.

Fún ẹ̀yin tó wà ní England, ẹ mọ èyí: láti ọdún 2022, NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ilé ìwòsàn níbẹ̀, ti fi ààlà BMI tó rẹlẹ̀ lélẹ̀ fún ẹni tí ìdílé rẹ̀ wá láti Áfíríkà dúdú tàbí Karibíà. 23 ni ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, 27.5 ni ìsanrajù ti bẹ̀rẹ̀, torí pé àtọ̀gbẹ máa ń tètè dé bá wa ní ìwúwo tí kò tíì yọ òyìnbó lẹ́nu. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé 28 yín "ò tíì burú", ẹ rán an létí ìlànà yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìbàdí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ọ̀rá tó wà ní itan àti ìdí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìpalára. Èyí tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká nínú ikùn ló ń da ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ rú. Aṣọ wa ló sì ń tàn wá jẹ jù níbẹ̀. Ìró kò ní ìwọ̀n, bí obìnrin bá ti ń sanra ló ń dín àgbékọjá rẹ̀ kù, kò sí ọjọ́ tí kò ní kárí. Bùbá ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin á ní sòkòtò 34 lòun ń wọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n sòkòtò náà ti sọ̀ kalẹ̀ láti ìdodo wá sí abẹ́ ikùn, ikùn wá yọ sórí bẹ́líìtì. Sòkòtò olókùn inú agbádá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Téèpù télọ̀ ti tó. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ wá ṣóńṣó egungun ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárín méjèèjì ni kí téèpù gbà, lórí awọ ara gan-an. Ẹ jẹ́ kó lọ yípo gbọọrọ, kó má rọ̀ lẹ́yìn. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é láìmọ̀, torí náà kí ẹlòmíràn bá yín kà á. Fún obìnrin, sẹ̀ǹtímítà 80 ni ìkìlọ̀, 88 ni ewu ńlá. Fún ọkùnrin, 94 àti 102.

Bí kò bá sí téèpù, okùn lásán á ṣe é. Ẹ gé okùn tí kò ń fà, kó gùn bí ẹni náà ṣe ga, láti orí dé gìgísẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ẹ fi okùn oníṣẹ́po yẹn yí ìbàdí ká ní ibi tí mo sọ. Bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá pàdé, ó dára. Bí wọn ò bá pàdé, ìbàdí ti ju ìdajì gíga lọ, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Ó ṣeé lò fún àgbàlagbà, ó sì ṣeé lò fún ọmọ láti ọdún 5 sókè.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé gba sùúrù. Ààlà 25 àti 30 kò kàn wọ́n rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí, àní àwọn olùkọ́ pàápàá, ti ń ṣìnà. Ẹ wo ọmọkùnrin ọdún 10 tó ga ní mítà 1.38, tó wúwo ní kílò 42. BMI rẹ̀ jẹ́ 22. Lójú ìwé àgbàlagbà, 22 dára gan-an. Nínú ìwé ìdàgbàsókè WHO, agbedeméjì fún ọmọkùnrin ọdún 10 ni 16.4, ó wúwo jù láti 18.5, ó sì ti bọ́ sí ìsanrajù láti 21.4. Ọmọ yìí ti kọjá ibẹ̀. Fún ọmọbìnrin ọdún 10, ààlà méjèèjì jẹ́ 19.0 àti 22.6. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀, akọ yàtọ̀ sí abo, torí náà ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe pàtàkì bí kílò rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tún ní ìwé ọ̀tọ̀: ìwúwo rẹ̀ ni wọ́n fi ń wé gíga rẹ̀.

Ohun kan wà tó ń kó àwọn ìyá láyà sókè láìnídìí. BMI ọmọ máa ń ga ní ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á máa sọ̀ kalẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 5 tàbí 6, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọmọ tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ nígbà tó ń rá á fà gùn nígbà tó bá wọ ilé ìwé. Ìhà rẹ̀ á hàn díẹ̀ tó bá bọ́ ẹ̀wù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn ìyá àgbà á ní ọmọ ò jẹun, tí wọ́n á ra oògùn olómi tí ń fa ebi ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Cyproheptadine ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, oògùn ara yíyún tí ń fa oorun àti ebi ni. Àwọn ọmọge tí wọ́n fẹ́ ní ìdí ńlá a tún máa fi dexamethasone kún un. Dexamethasone ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń mú ojú wú. Bí èèyàn bá ti lò ó pẹ́ tó sì dá a dúró lójijì, ara lè dákú, torí pé ó ti sọ ẹ̀yà ara tó ń ṣe irú èròjà yẹn di ọ̀lẹ. Dókítà nìkan ló lè là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Kí ló wá ń kó ọ̀rá yìí jọ? Mi ò ní bá òkèlè jà. Àwọn bàbá wa jẹ iyán, wọ́n roko, wọn ò sanra. Epo àti ohun mímu aládùn ni mo fẹ́ kí á kọ́kọ́ wọ̀n, torí pé wọn ò gba àyè nínú ikùn tó bí agbára inú wọn ṣe pọ̀ tó.

Ṣíbí ìjẹun kan òróró tàbí epo pupa jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120 (kálórì ni ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ). Ọbẹ̀ ẹni márùn-ún tí wọ́n da ìdámẹ́rin lítà epo sí, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí 16 sí 17, ti gbé kálórì tó lé ní 2,000 wọnú ìkòkò láti ara epo nìkan, tó jẹ́ bí 400 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fi ṣíbí 6 sè é, ó di bí 144. Ìyàtọ̀ yẹn ju 250 lọ lórí àwo kan ṣoṣo, ẹran ò dín, ẹ̀fọ́ ò dín. Ohun tó máa ń ba èrò yìí jẹ́ ni pé wọ́n á da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ọwọ́ kì í mọ ìwọ̀n tó bá ń da kẹ́ẹ̀gì. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, kí ẹ máa fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ata tí ẹ bá ti sè títí tí omi rẹ̀ fi gbẹ kó tó dé inú epo kò ní kan, kò sì ní bẹ̀bẹ̀ fún epo púpọ̀. Ẹ wo ojú ọbẹ̀ nígbà tó bá tutù: bí epo bá lé téńté tí ẹ̀fọ́ ò fi hàn, ẹ fi ìgbakọ gbọ́n ọn kúrò.

Ẹlẹ́rìndòdò tó ní gíráàmù 10 sí 11 ṣúgà nínú mílílítà 100, ìgò 50cl rẹ̀ kan ti kó nǹkan bíi gíráàmù 52 jọ, bíi ṣíbí tíì 13. WHO ní kí ṣúgà tí a fi kún nǹkan má ju nǹkan bíi 50 lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, kó dára jù bó bá dín sí 25. Ìgò kan, ojúmọ́ ti kún. Mọ́ọ̀tì pẹ̀lú mílíìkì inú agolo tí wọ́n ní ó ń fún aláboyún lẹ́jẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn ìgò rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ "Sugars" sí kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Jùùsì inú páálí kò sàn jù. Lẹ́yìn ife ṣúgà yìí, oúnjẹ tí èèyàn máa jẹ kì í dín, torí pé ohun mímu kì í pa ebi bí oúnjẹ.

Nàìjíríà ti fi owó orí lé ẹlẹ́rìndòdò. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náírà 5 lórí ìgò 50cl. Lójú mi, kò tó láti yí ọwọ́ ẹnikẹ́ni padà. Britain bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é sì gbọ́n jù: bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni owó orí ń pọ̀ tó, bí kò bá tó gíráàmù 5 nínú mílílítà 100, kò sí owó orí. Àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn dín ṣúgà kù kí wọ́n má bàa san án. Tiwa kò fún wọn nídìí láti dín in kù, torí iye kan náà ni wọ́n ń san yálà ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ tàbí kò pọ̀.

Bí téèpù bá ti sọ pé ọmọ sanra jù, ẹ má fi ebi pa á. Ọmọ ṣì ń ga. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí à ń wá ni kí kílò rẹ̀ dúró lójú kan fún bí ọdún kan, kí gíga rẹ̀ sì máa lọ, BMI á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi ní ipò ẹlẹ́rìndòdò, fún gbogbo ilé, àti bàbá. Èso àti ẹ̀pà sísè nínú àpò ilé ìwé ní ipò bisikíìtì. Àwo tó kéré. Wákàtí kan eré lójoojúmọ́ tó mú un láàgùn. Kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò má sì pè é ní ọ̀rọ̀bọ̀ nínú ilé. Ọmọ tí wọ́n bá fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ á máa jẹun ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti abíyá rẹ̀. Bí awọ ibẹ̀ bá dúdú ju ara yòókù lọ, tó nípọn, tó rí bí aṣọ àrán, ìdọ̀tí kọ́. Mélòó-mélòó ni ọmọ tí wọ́n ti fi kànrìnkàn bó lọ́rùn lórí èyí! Àmì ni pé insulin, èròjà tí ara fi ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ àṣekún, ara kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Àtọ̀gbẹ lè máa bọ̀. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ṣúgà. Bó bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dúró díẹ̀ lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà. Bí ọmọ tó sanra, láàárín ọdún 10 sí 15, bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, tàbí tó ní orúnkún ń dun òun láìṣubú, ẹ má fi àgbo ra á fún un: egungun itan lè ti máa yọ̀ níbi ìgbáròkó, ìrora á sì bọ́ sí orúnkún. Kí ó má tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò egungun ìgbáròkó rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti àgbàlagbà, kì í ṣe dandan kí ẹ padà sí kílò ìgbà ìyàwó. Bí kílò 5 sí 10 bá lọ nínú gbogbo kílò 100, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ti máa ń sọ̀ kalẹ̀. Tíì tí wọ́n ní ó ń sọ ikùn di pẹlẹbẹ, púpọ̀ nínú wọn ní ewé tí ń mú ni yàgbẹ́. Omi àti ìgbẹ́ ló ń lọ, ọ̀rá wà níbi tó wà. Abẹ́rẹ́ semaglutide, tó ń dín ebi kù kí èèyàn lè rù, ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ni kó ti wá: ní oṣù kẹfà ọdún 2024, WHO kìlọ̀ nípa ayédèrú rẹ̀ tí wọ́n rí ní Brazil, Britain àti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá sì ti rù tán, ara rẹ̀ á máa fi ebi lé e kó lè padà sí ti tẹ́lẹ̀, fún ọdún púpọ̀. Ìṣẹ̀dá ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní alájẹkì.

Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ọjọ́ kìíní oṣù, àárọ̀, ìbàdí gbogbo ẹni tó wà nílé, àti gíga àwọn ọmọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Téèpù aṣọ máa ń fà bó bá pẹ́, nítorí náà ẹ fi wé rúlà onírin tàbí onígi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí 100 rẹ̀ bá ti gùn tó 101, ẹ ra òmíràn.